Alfa Kà-á-tán àti Ìdì Ewé Tí Mo Gbàgbé

Ọdún mẹ́tàlélógún gbáko ni èmi àti ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí fi bá ara wa jà ní gbangba, tí ọwọ́ ẹnì kan ò sì kan ẹnì kejì rí. Ẹnu la fi ń jà. Mísọ́nà ni, ìyẹn oníwàásù tí ẹgbẹ́ mùsùlùmí àdúgbò wa yàn pé kó máa gbé ẹ̀sìn wọn tọ àwọn èèyàn lọ. Èmi ni ṣọ́ọ̀ṣì wa yàn pé kí n máa dá a lóhùn. Bí ẹ bá bi mí lónìí pé ta ló ṣe mí lóore jù láyé, lẹ́yìn ìyá tó bí mi àti ìyá àwọn ọmọ mi, òun ni màá kọ́kọ́ nàka sí. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́, àwọn àgbà ti wí i.

Alfa Kà-á-tán ni gbogbo ìgboro ń pè é. Wọ́n ní ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọ ni. Òótọ́ ni, àmọ́ orúkọ tí ìjà sọ ọkùnrin yìí dára, agídí tèmi ló sì fi gbà á. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ló ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tèmi, títì tóóró kan ló là wá láàárín. Lọ́dọ̀ tiẹ̀, ẹ ó rí ìkòkò omi gbígbóná, okùn tí wọ́n sá aṣọ sí láti ògiri dé ògiri, tábìlì gígùn kan tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bò, àti áyọ́ọ̀nù wíwúwo méjì tó ń gbé kaná ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọ̀ tèmi, ìwé ni, okùn, abẹ́rẹ́ gígùn, ọ̀bẹ, àti gọ́ọ̀mù tí mo ń sè nínú agolo. Ìwé dídì ni mo kọ́ lọ́dọ̀ bàbá mi. Ìwé tó bá ti já, èmi ni mò ń tún un ràn, tí mò ń fi èèpo tuntun sí i. Òórùn gọ́ọ̀mù yẹn kì í kúrò lára mi, títí kan ọjọ́ ìsinmi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Onígọ́ọ̀mù. Ìyàwó mi ní kì í ṣe òórùn nìkan, ó ní bí mo bá ti lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kan, omi gbígbóná ò lè bó mi kúrò.

Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan la ti máa ń pàdé, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Tábìlì méjì ló ń wà lórí pèpéle, tiwọn lápá ọ̀tún, tiwa lápá òsì, adarí ìpàdé á jókòó sáàárín pẹ̀lú agogo rẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kì í kàwé fúnra rẹ̀. Ó máa ní akàwé. Òun á dárúkọ orí àti ẹsẹ, akàwé á dìde, á ṣí ìwé, á kà á sókè kí gbogbo èrò gbọ́. Òfin méjì ló wà lára ògiri níbẹ̀. Èkíní, kí oníkálùkù mú ìwé tirẹ̀ wá, torí wọ́n ti fẹ̀sùn kan ara wọn rí pé ìwé ayédèrú ni wọ́n ń fi lé àwọn lọ́wọ́. Èkejì, ohun tí a kò bá kà látinú ìwé, a ò sọ ọ́. Bó o mọ̀ ọ́n lórí bó o ṣe mọ orúkọ ìyá rẹ, wọ́n á lu agogo sí ọ.

Ọgbọ́n kan wá wà níbẹ̀ tí gbogbo wa jọ ń dá. Bí akàwé bá ti ka ibi tó dùn mọ́ wa, a ó nawọ́ sókè, á dákẹ́, a ò ní jẹ́ kó dé ibi tó máa ba ọ̀rọ̀ wa jẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé mi dìde sí Alfa, mo ní kí akàwé mi ṣí Àlùkùránì síbì kan, ó kà á débi tí mo fẹ́, mo nawọ́. Alfa dìde jẹ́jẹ́, ó ní ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n bá òun kà á tán. Mo ní ó ti tó. Ó ní bó bá ti tó, èyí tó kù ò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Adarí ní kí wọ́n kà á. Èyí tó kù yẹn fọ́ gbogbo ohun tí mo ń sọ túútúú, àwọn èrò sì rẹ́rìn-ín débi pé obìnrin kan já bọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Alfa ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó yíjú sí akàwé rẹ̀, olùkọ́ fẹ̀yìntì kan tí gbogbo wa ń pè ní Tíṣà, ó ní láti ọjọ́ náà lọ, bí òun bá nawọ́ pé kó dúró láàárín ọ̀rọ̀, kó má dá òun lóhùn. Bó ṣe gba orúkọ nìyẹn.

Ó dùn mí wọ eegun, mi ò ní purọ́. Oṣù mẹ́ta ni mi ò fi gbé aṣọ sọdá títì yẹn, aṣọ tó rún wómúwómú ni mò ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó sú ìyàwó mi, ó kó ẹrù aṣọ lọ bá Alfa lẹ́yìn mi. Kò mọ̀ pé àpò ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi ni mo ká gbogbo ohun tí mo fẹ́ fi dójú ti Alfa nígbà tó ń bọ̀ sí, ojú ìwé mẹ́rin odindi. Nígbà tí aṣọ dé, ó ti gún régé, ìwé náà wà lórí rẹ̀ nínú náílọ́ọ̀nù, wọ́n sì kọ ọ́ sára bébà kékeré kan pé inú àpò ni àwọn ti bá a, àwọn ò ṣí i. Mo ní irọ́ ni. Ta ni ọ̀tá rẹ̀ máa fi ìwé ogun ránṣẹ́ sí tí kò ní yọjú wò ó? Àmọ́ àyè ò sí láti kọ òmíràn mọ́, mo gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè kẹta tí mo bi í, Alfa rìn wọ inú rẹ̀ bí ẹni ń wọ ilé ara rẹ̀. Ẹni tó bá ti ka ìwé yẹn ò lè kó sí i láéláé. Mo borí lọ́jọ́ náà, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, èmi sì ń wo ọkùnrin yìí bó ṣe ń nu ojú gíláàsì rẹ̀. Kò ṣí i lóòótọ́. Láti ìgbà náà, èmi fúnra mi ni mò ń gbé aṣọ mi lọ.

Orí tábìlì aṣọ yẹn ni mo ti gbọ́ ìtàn rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ni ṣọ́ọ̀bù náà kó tó kàn án, bàbá náà kò sì mọ ìwé kà. Ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tó wà nítòsí nígbà náà, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni, ibẹ̀ náà ni wọ́n fi í sí. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá, òun ló gba ipò kìíní nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì, ẹ̀bùn tí wọ́n fún un sì ni Bíbélì ńlá kan tí èèpo rẹ̀ pupa. Ó ní ẹ̀rù ba òun, òun fi í sábẹ́ aṣọ wọlé. Bàbá rẹ̀ rí nǹkan onígun mẹ́rin níbi ikùn ọmọ rẹ̀, ó yọ ọ́ jáde, ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó bi í pé kí ni wọ́n fi fún un. Ó ní òun gba ipò kìíní ni. Bàbá náà fi etí aṣọ rẹ̀ nu èèpo ìwé náà. Ó gun àpótí, ó gbé ìwé náà sórí pákó tó ga jù nínú ṣọ́ọ̀bù, kí omi má baà kàn án, ó wá ní kó máa lọ sí ilé kéwú rẹ̀, kó má pẹ́ dé ibẹ̀. Alfa ní ọjọ́ náà ni òun ti mọ̀ pé kò sí ìwé tó yẹ kí òun máa bẹ̀rù.

Ó ti ń lọ sí bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà tí oníwàásù kan wá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù wọn, tó ń bú àwọn mùsùlùmí. Alfa gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó bọ́ síta pẹ̀lú Bíbélì pupa yẹn, ó ń ṣí i, ó ń dá a lóhùn, kò bú u padà. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ẹgbẹ́, wọ́n sì fi í ṣe mísọ́nà.

Mo bi í rí pé èèyàn mélòó ló ti yí lọ́kàn padà. Ó ní òun ò kà wọ́n, iṣẹ́ tí wọ́n rán òun lòun ń jẹ́, ọkàn èèyàn ò sí lọ́wọ́ òun, Ọlọ́run ló ni ín. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, ohùn rẹ̀ dùn ju ti gbogbo wọn lọ, ó bá ọkọ rẹ̀ jà, ló bá sá lọ sọ́dọ̀ Alfa pé òun fẹ́ di mùsùlùmí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Alfa fún un ní omi mu, ó ní kó lọ parí ìjà náà ná, bí ọkàn rẹ̀ bá ṣì ń fẹ́ ẹ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kó padà wá, torí ẹ̀sìn kì í ṣe ibi tí èèyàn ń sá wọ̀ torí ọkọ. Obìnrin náà ò padà. Ó ṣì ń kọrin fún wa di òní.

Ìyàwó Alfa, Ìyá Agbẹ̀bí là ń pè é. Òun ló gbẹ̀bí ọmọ mi kẹta, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ò jẹ́ kí ọkọ̀ kankan dé ọ̀dọ̀ wa. Alfa gbé agboòrùn tẹ̀lé e wá sẹ́nu ọ̀nà, òun àti èmi jókòó sí kọ́rídọ̀, a ń fa ọ̀rọ̀ Ọlọ́run mọ́ ara wa lọ́wọ́ kí àyà mi má baà já, títí tí a fi gbọ́ igbe ọmọ. Irú èèyàn tí mò ń sọ nìyẹn. Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo fi san án fún un.

Ọdún kẹrìnlá tí a ti ń bá a bọ̀ ni ẹgbẹ́ wọn yan alága tuntun, ọkùnrin kan tó ń ta bíríkì. Ó ní Alfa ń ṣe jẹ́jẹ́ jù. Ó ti rí ọ̀dọ́ oníwàásù kan tí ohùn rẹ̀ le bí ààrá, ó sì ti sọ ọ́ pé bí Alfa bá fi lè ṣubú ní ìpàdé tó ń bọ̀, àwọn máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Alfa fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi bó ṣe ń ká ṣòkòtò mi. Ó ní bí wọ́n bá gbà á, alágbàfọ̀ ni òun ṣì máa jẹ́, ìyẹn ò bàjẹ́, àmọ́ òun ò mọ ohun tí òun máa fi ìyókù ara òun ṣe. Ló bá gun àpótí, ó gbé Bíbélì pupa sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti já pátápátá. Ó ní kí n bá òun dì í kí ọjọ́ ìpàdé tó pé.

Ìwé ńlá, ìdì ìdì ni wọ́n ń tò ó. Ewé mẹ́jọ mẹ́jọ á wà ní ìdì kan, èmi á fi abẹ́rẹ́ ran ìdì kan mọ́ èkejì títí gbogbo wọn á fi di ìwé. Mo tú Bíbélì náà palẹ̀. Ìdì kan láàárín àwọn ìwé ìhìnrere, etí rẹ̀ ti ya, mo fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ̀ ẹ́, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ pákó, mo gbé irin lé e kó gbẹ. Ọjọ́ kejì, ilé ẹ̀kọ́ kan kó ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn dé pé kánjúkánjú làwọn ń fẹ́ ẹ. Mo ń ṣe tibí, mò ń ṣe tọ̀hún. Bàbá mi kọ́ mi pé kí n máa ka iye ìdì kí n tó ki okùn bọ abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ náà, mi ò kà á. Mo ran Bíbélì náà, mo fi èèpo pupa tuntun sí i, ó dára débi pé Alfa fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀ kó tó gbà á. Ó ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ọjọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn kún àkúnwọ́sílẹ̀. Alága oníbíríkì jókòó níwájú, ọ̀dọ́ oníwàásù yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pásítọ̀ wa wà lọ́dọ̀ mi. Alfa sọ̀rọ̀ dáadáa lọ́jọ́ náà, ó kó gbogbo rẹ̀ bọ̀ sí orí kan ṣoṣo nínú Bíbélì, ó wá ní kí Tíṣà ṣí i, kó kà á tán. Tíṣà ṣí i. Ó ṣí i síwájú, ó ṣí i sẹ́yìn, ó tutọ́ sọ́wọ́, ó tún ṣí i. Orí kẹwàá fò bọ́ sí orí kejìdínlógún. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé ó ti ya á, ibi tí kò bá a lára mu ló ya kúrò. Ni ariwo bá ta. Alfa bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lórí, agogo dún, ó dákẹ́. Ó gba ìwé lọ́wọ́ Tíṣà, ó fi àtàǹpàkò tọ àárín rẹ̀ lọ níbi tí mo ti ran án, ó gbójú sókè, ó wò mí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wò mí.

Ojú tó fi wò mí yẹn ló rán mi létí. Abẹ́ pákó. Bíbélì tèmi wà lórí tábìlì níwájú mi, gbogbo ohun tó kù ò ju kí n dìde kí n ní mo yọ̀ǹda kí wọ́n lo tèmi, kí n sì sọ ìdí rẹ̀. Mo ti gbé ìdí kúrò lórí àga. Pásítọ̀ gbé ọwọ́ lé orúnkún mi, ó ní kí n jókòó. Mo jókòó. Alfa pa ìwé dé, ó ní òun ò ní ọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ní àwa la borí, àwọn èèyàn wa gbé mi lé èjìká jáde.

Irin ṣì wà lórí pákó nígbà tí mo délé, ìdì ewé sì wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti gbẹ, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo fi han ìyàwó mi, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò pariwo. Ó bi mí pé orúkọ wo ni wọ́n ń pe ọkùnrin yẹn, mo ní o mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ìwọ wá ni o máa dá a dúró láàárín ọ̀nà."

Ilẹ̀ mọ́, mo sọdá títì. Alfa ń lọ aṣọ. Mo gbé ìdì ewé náà lé tábìlì. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó ní òun ti mọ̀ láti orí pèpéle, torí ìwé tí wọ́n bá ya máa ń fi gbòǹgbò sílẹ̀, ìyẹn etí ewé tó máa ń kù lára okùn, èyí ò ní gbòǹgbò kankan. Mo bi í pé kí ló dé tí kò wí. Ó ní bí òun bá wí i láàárín ariwo yẹn, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ òun máa ní mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí ilẹ̀ tó ṣú wọn ì bá ti dáná sun ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní ọ̀rọ̀ ni òun ń bá mi fà, òun ò bá mi fa ilé àti ọmọ. Mo ti ń sunkún nígbà náà, àgbàlagbà bíi tèmi.

Mo ní màá sọ. Ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ aṣọ. Ó ní, "Mi ò ní ní kó o sọ, mi ò sì ní ní kó o má sọ. Àmọ́ bó o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Onígọ́ọ̀mù, o mọ orúkọ mi."

Ọjọ́ kẹta ni ìgbìmọ̀ wọn jókòó láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ní yàrá ìpàdé ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, mo wọlé. Ọkùnrin méje ni wọ́n, Alfa jókòó sórí àga kan ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé. Alága bi mí pé ta ló pè mí. Mo ní ọwọ́ mi ló pè mí. Mo gbé ìdì ewé síwájú wọn, mo gba Bíbélì pupa lọ́wọ́ Alfa, mo ṣí i síbi tó ti fò, mo tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ọ́, orí kẹwàá sì tò tẹ̀lé ara wọn dé orí kejìdínlógún láìsí àlàfo. Mo ṣàlàyé pákó, irin, àti ìwé ilé ẹ̀kọ́ tó kó mi láyà sókè. Mo ní ọkùnrin yìí ò ya ìwé kankan.

Mo rí i pé ara wọn ń silẹ̀, mo rò pé ó ti parí. Ìgbà náà ni àgbàlagbà kan nínú wọn, tí kò tíì sọ̀rọ̀ rárá, bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé ìgbà wo ni mo rántí.

Ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, mo lè sọ pé ilé ni mo ti rántí. Ta ni ì bá mọ̀? Lẹ́yìn ìyàwó mi, Alfa nìkan ló mọ̀, ó rí i bí mo ṣe fẹ́ dìde tí mo tún jókòó, Alfa ò sì ní sọ, ó ti fi hàn mí bẹ́ẹ̀. Mo wò ó. Kò wò mí, fèrèsé ló ń wò. Lọ́pọ̀lọpọ̀ ọdún ló fi ń sọ fún wa pé kí ẹni tó ń kàwé má dúró láàárín.

Mo ní, "Orí pèpéle ni mo ti rántí, kí wọ́n tó lu agogo ìparí. Ìwé mi wà níwájú mi. Mo fẹ́ dìde, mo sì jókòó, torí mo fẹ́ borí."

Alága dìde, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó nàka sí mi, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Alfa ló ṣáájú rẹ̀ dìde.

"Ó ti kà á tán," ló wí. "Ẹ jẹ́ kó máa lọ sílé."

Wọn ò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbàlagbà yẹn ló ní ẹni tí ọ̀tá rẹ̀ lè wá jẹ́rìí fún nínú ilé rẹ̀, irú oníwàásù wo ni àwọn tún ń wá. Tèmi ló le. Pásítọ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ó ní ó di ẹ̀yìn ọdún kan gbáko kí n tó tún gun pèpéle, àwọn kan nínú ìjọ ò sì kí mi, wọ́n ní mo ta ṣọ́ọ̀ṣì. Lóṣù kẹsàn-án, Alfa wọ aṣọ tó lọ̀ dáadáa, ó lọ bá Pásítọ̀ nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ dá mi padà, torí àwọn tí wọ́n ń rán wá lẹ́yìn mi ò dùn ún bá jiyàn. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó dá mi padà. A tún jà fún ọdún mẹ́sàn-án sí i.

Ojú Alfa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú díẹ̀díẹ̀. Tíṣà ti kú, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Èmi náà ti fẹ̀yìn tì lórí pèpéle, ṣọ́ọ̀ṣì ti fi ọkùnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún rọ́pò mi. Lọ́dún tó kọjá ni Alfa ní òun máa jà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí i kí òun tó jókòó sílé. Ẹgbẹ́ mú akàwé mẹ́ta wá fún un kó yan ọ̀kan. Kò yan ọ̀kankan. Ó ní kí wọ́n lọ pe Onígọ́ọ̀mù.

Mo bi ìyàwó mi, ó ní kí n lọ wọ aṣọ. Bí mo ṣe jókòó sídìí tábìlì ọ̀tún lọ́jọ́ náà, ọkùnrin tí ṣọ́ọ̀ṣì wa fi rọ́pò mi dìde, ó ní àwọn ò gbà, ó ní ọmọ ìjọ àwọn ni mí, ọjọ́ ìsinmi tó kọjá ni àwọn jọ gba oúnjẹ Olúwa, báwo ni màá ṣe máa kàwé fún Alfa. Alfa yí ojú tí kò ríran mọ́ sí ibi tí ohùn náà ti wá. Ó ní, "Wọ́n bi í ní ìbéèrè tó lè fi irọ́ dáhùn, nínú yàrá yẹn, èmi nìkan ni mo mọ ìdáhùn rẹ̀, kò sì purọ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ta ni kí n tún wá, ọmọ mi?"

Mi ò di mùsùlùmí, ẹ má ṣi mí gbọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì mi ni mò ń lọ, ibẹ̀ ni wọ́n á sì ti gbé mi sin. Àmọ́ nígbà tí Alfa dárúkọ orí tí ó fẹ́, orí tí mo gbàgbé sábẹ́ pákó ni. Mo ṣí Bíbélì pupa. Mo rí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mo fi lẹ etí rẹ̀, ó ti pọ́n díẹ̀, kò tíì ṣí. Mo kà á. Mo dé ibi tí gbogbo oníwàásù máa ń nawọ́, mo wo ọwọ́ Alfa, orí orúnkún rẹ̀ ló wà. Mo ń kà lọ. Mo ka èyí tó bá a lára mu, mo ka èyí tí kò bá a lára mu, mo ka èyí tó fọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ ìjọ mi túútúú níwájú gbogbo èrò. Nígbà tó tán, mo pa ìwé dé, mo jókòó. Ọwọ́ Alfa ń wá nǹkan lórí tábìlì. Mo rò pé ìwé ló ń wá, mo tì í sí i. Ó tì í padà. Ọwọ́ mi ló ń wá.